Kí N Tó Wọ Funfun

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń fọ aṣọ ní Kúbúwà.
Bí funfun bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo mọ̀ ọ́n
bí ẹni mọ ọmọ aládùúgbò:
èyí tí eruku pupa Dèí-Dèí ti sùn sí létí,
èyí tí òógùn ti sọ ọrùn rẹ̀ di àwọ̀ ọsàn.
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, funfun kì í ṣe àwọ̀,
iṣẹ́ ni.
Rírẹ ni, gbígbo ni, ṣíṣàn ni,
búlúù díẹ̀, oòrùn púpọ̀,
bí ọyẹ́ bá sì dé, àdúrà wà nínú rẹ̀.

Arábìnrin Ládì ló ń kọ́ wa ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀,
àwa márùn-ún nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìjọsìn,
fáànù ń ké lókè bí ẹyẹ tí wọ́n há mọ́ àgò.
Ó ní, "Ẹ̀bùn ni wọ́n ń fún yín nínú tẹ́mpìlì,
agbára láti òkè wá.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di nǹkan mú kì í gba ẹ̀bùn."
Mo wo ọwọ́ mi. Ọṣẹ ti jẹ ìlà inú rẹ̀ tán.
Mo ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"
Kò fi mí ṣẹ̀sín.
"Wọ́n á sọ ìtàn ayé fún ọ: Ádámù, Éfà,
ọgbà, ẹ̀gún, ọ̀nà ilé.
O ó dá májẹ̀mú pé o ó gbọ́ràn, o ó rúbọ,
o ó pa ara rẹ mọ́, ohun tí o ní á di ti Ọlọ́run.
Ìyókù, ibẹ̀ ni o ti máa gbọ́ ọ.
Ọ̀rọ̀ kan wà tí tọkọtaya kì í sọ lójú àlejò,
kì í ṣe pé ó burú."

Lẹ́yìn náà ni bíṣọ́ọ̀bù pè mí sí ọ́fíìsì.
Ìdámẹ́wàá? Mò ń san án.
Ọtí? Mo ti fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ ìrìbọmi.
"Ṣé olóòótọ́ ni ọ́ nínú gbogbo ohun tí ò ń ṣe?"
Ẹnu mi là, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Àpò bàbáńrìgá ni mo rí.
Ti Alájì Bàráú tó ń ta irin,
ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà tó ti rin sínú omi ọṣẹ,
ọdún kẹrin rèé.
Mo sá owó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ.
Owó gbẹ, aṣọ gbẹ,
aṣọ nìkan ni mo dá padà.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan," ni mo wí.
Bíṣọ́ọ̀bù pa ìwé dé. Kò béèrè ìdí.

Alájì ò sí ní Dèí-Dèí mọ́, ó ti kó lọ sí Súlèjà.
Mo wọ kèkè, mo wọ ọ̀kadà, mo bi àwọn alápatà,
mo bá a lórí ẹní, ó ń yọ egungun ẹja fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.
Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá,
mo fi Haúsá mi tó ń tiro jẹ́wọ́.
Ó wo owó náà pẹ́.
Ó ní òun mọ̀. Láti ọjọ́ náà lòun ti mọ̀,
òun kàn ń wò ó pé ọjọ́ wo ni n óò wá.
Ó bu túwó fún mi, ó béèrè ibi tí mò ń lọ
tó mú mi rántí gbèsè.
Mo ní ilé Olúwa kan wà ní Ábà,
ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ á wọ funfun.
"Tó," ni Alájì wí, ó ṣan ọwọ́.
"Àwa náà, ká tó lọ Mẹ́kà, gbèsè la kọ́kọ́ ń san."

Bíṣọ́ọ̀bù buwọ́ lùwé, ààrẹ èèkàn buwọ́ lùwé.
Ìbíwùmí ìyàwó mi, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa,
ló rán ṣòkòtò funfun náà.
Ó ní òun ò mọ ibi tí mò ń lọ,
ṣùgbọ́n òun mọ ìwọ̀n ìdí mi.

Láago mẹ́fà, ọkọ̀ Ábà ń gbóná ní Jábí.
Mo gbé aṣọ náà lé itan nínú ọ̀rá rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún, funfun ẹlòmíràn ni,
n kò fọ ti ara mi rí.
Mo ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀ wò.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.